Àga Mọ́tò Tí O Fi Ránṣẹ́ sí Yọmí

                                        Ojúlé Kọkànlélógún,
                                        Ẹ̀yìn Ṣọ́ọ̀ṣì Kátólíìkì,
                                        Ìyèrè, Ọ̀wọ̀,
                                        Ìpínlẹ̀ Oǹdó.
                                        Ọjọ́ Kọkàndínlógún, Oṣù Kọkànlá, 1996.

Agatha, ọ̀rẹ́ mi tòótọ́,

Ṣé àlàáfíà ni ìwé yìí bá yín nílé? Ẹ̀yìn tó ń dun Ignatius ọkọ rẹ ńkọ́, ṣé ó ti ń jẹ́ kó sùn? Àwọn ọmọ ńkọ́, ṣé wọ́n ṣì ń gbọ́ Yorùbá, àbí wọ́n ti ń fi imú dá ọ lóhùn? Mo gbọ́ pé òtútù ti bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ yín. Jọ̀ọ́, má ṣorí kunkun, wọ ìbọ̀sẹ̀. Mo mọ̀ ọ́ láti ilé ìwé, òtútù á fẹ́rẹ̀ẹ́ pa ọ́ tán kí o tó gbà pé ó ń mú ọ.

Níbí, ọyẹ́ ò tíì dé tán, ṣùgbọ́n ètè ti ń gbẹ láàárọ̀. Màmá rẹ wà dáadáa. Mo rí wọn lẹ́yìn Máàsì lọ́jọ́ Àìkú. Wọ́n wọ búláòsì aláwọ̀ ewé tí o fi ránṣẹ́, wọ́n sì ń yan bí ìyàwó tuntun. Wọ́n ní kí n kí ọ, kí n sì sọ fún ọ pé àwọn ò fẹ́ bàtà mìíràn mọ́, pé ẹsẹ̀ méjì péré làwọn ní. Láníyì ọkọ mi kí ọ. Yọmí náà kí ọ, ó ní kí n kọ orúkọ òun gàdàgbà, nítorí náà mo kọ ọ́: YỌMÍ.

Má bínú pé ó pẹ́ kí n tó fèsì. Kì í ṣe pé mo gbàgbé rẹ. Àga tí o fi rán Boniface ìbátan rẹ sí wa ni kò jẹ́ kí n jókòó. Mo fẹ́ rí ibi tí ọ̀rọ̀ náà máa já sí kí n tó gbé bírò, torí ká ní mo kọ ìwé yìí ní oṣù tó kọjá ni, ẹkún nìkan lò bá kà nínú rẹ̀.

Jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti ìgbà tó dé. Boniface gbé e wọlé ní ìparí oṣù kẹjọ. Ó ti já páálí rẹ̀ dànù ní Èkó kí ẹrù lè fúyẹ́, ìwé ìlànà tó wà nínú rẹ̀ sì bá páálí lọ. Mo bi í pé kí ni a ń fi ṣe, ó ní o sọ nǹkan kan nípa mọ́tò fún òun, ṣùgbọ́n òun rò pé o ń ṣeré ni. Lẹ́tà àlàyé rẹ sì rèé, ọ̀dọ̀ ìfìwéránṣẹ́ ló bá wá, ó fi odidi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta pẹ́ ju àga lọ. Ní gbogbo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta yẹn, Agatha, bí o bá rí wa! Ìyá onírun òdìkejì wa ní àga ìdirun ni, pé ohun tó wà lọ́tùn-ún lósì yẹn ni wọ́n fi ń di orí oníbàárà mú. Láníyì, tí í ṣe akọ̀wé àgbà ní ìjọba ìbílẹ̀ ní Ifọ̀n, tí àwọn èèyàn ń gbọ́ràn sí lẹ́nu, ní àga ìyàgbẹ́ ọmọdé ni. Ó dojú rẹ̀ délẹ̀, ó ń wá ihò. Èmi ní àga ìjẹun ni, èmi ni mo sì borí, torí inú àga yẹn ni Yọmí ti jẹun, tó ti wo tẹlifíṣàn, tó ti sùn lọ́sàn-án títí lẹ́tà rẹ fi dé. Àwọn ọmọ àdúgbò ń tò láti jókòó sínú rẹ̀.

Nígbà tí mo ka lẹ́tà náà tán, ẹ̀rín ni mo kọ́kọ́ rín. Lẹ́yìn náà ni mo jókòó, mo tún un kà láti ìbẹ̀rẹ̀. O ní òfin ìpínlẹ̀ tí ẹ wà sọ pé ọmọ tí kò tíì pé ọdún mẹ́rin kò gbọdọ̀ jókòó sínú mọ́tò láìsí nínú irú àga bẹ́ẹ̀. Ó yé mi. Ṣùgbọ́n o tún ní dókítà àwọn ọmọ rẹ sọ pé kí o má wo ojú òfin, pé bí ọmọ bá pé ọdún mẹ́rin, ó ṣì kéré, kí o gbé e sínú àga mìíràn tó máa gbé e sókè, títí bẹ́líìtì mọ́tò á fi gba àyà àti ìbàdí rẹ̀ kọjá láìgba ọrùn àti ikùn. O ní èyí lè dé ọdún mẹ́jọ. O tún ní aládùúgbò rẹ kan tú ọmọ tirẹ̀ kúrò nínú àga ní ọjọ́ ìbí rẹ̀ gan-an, pé òfin ti dá a sílẹ̀, àti pé ọ̀rọ̀ yìí fẹ́ dá ìjà sílẹ̀ láàárín ìwọ àti Ignatius, tó ní kí lò ń yọ ara rẹ lẹ́nu fún nígbà tí ọlọ́pàá ò lè mú ọ.

O mọ̀ mí, n kì í lè fi irú nǹkan bẹ́ẹ̀ sílẹ̀. Báwo ni nǹkan kan ṣe máa ní ọ̀rọ̀ méjì? Bí àga bá ń gba ọmọ là, kí ló dé tí òfin fi dúró ní ọdún mẹ́rin? Ṣé eegun ọmọ máa ń le ní òru ọjọ́ kan ni? Bó bá jẹ́ pé aago méjìlá ọ̀sán ni wọ́n bí i, ṣé á jókòó nínú àga láàárọ̀ kó kúrò níbẹ̀ lọ́sàn-án? Mo wá gbogbo ilé ìkàwé póòlì wa ká, níbi tí mo ti ń ṣiṣẹ́ láti ọdún mọ́kànlá, n kò rí ju ìwé àtúnṣe mọ́tò kan tí iwájú rẹ̀ ti ya.

Orí bá mi ṣe é, àwọn ẹ̀ṣọ́ ojú pópó wá bá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sọ̀rọ̀ ní gbọ̀ngàn wa ní ọ̀sẹ̀ yẹn. Nígbà tí wọ́n ní ta ló ní ìbéèrè, èmi òṣìṣẹ́ ni mo kọ́kọ́ na ọwọ́. Ọ̀gá wọn, ọkùnrin jẹ́jẹ́ kan tó ń jẹ́ Jìbírílù, kò fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Lẹ́yìn ìpàdé, ó jókòó tì mí lórí bẹ́ǹṣì. Ó ní òun ò tíì rí ibi tí wọ́n ti dárúkọ àga ọmọdé nínú ìwé tí wọ́n kó lé òun lọ́wọ́, òun ò sì ní parọ́ fún mi. Mo wá bi í nípa ọ̀rọ̀ yín. Ó ní, "Màdáàmù, òfin ni ohun tí wọ́n lè torí ẹ̀ mú yín. Kí wọ́n tó ṣe é, olówó á sọ tiẹ̀, tálákà á sọ tiẹ̀, ibi tí gbogbo wọn bá ti lè fẹnu kò ni wọ́n á fi sí. Dókítà ò bá ẹnikẹ́ni fẹnu kò ní tiẹ̀. Ohun tó rí lára ọmọ ló ń sọ."

Mo ní ta ni kí n wá tẹ̀ lé? Ó wò mí, ó ní ọmọ mélòó ni mo ní. Mo ní ọ̀kan, lẹ́yìn ọdún méje tí mo ti ń wò ó lójú Ọlọ́run. Ó ní ó dáa, ẹ jẹ́ ká lọ wo mọ́tò yín.

Ojú tì mí, Agatha. Ìwọ náà mọ Píjò àlòkù wa. Kò sí bẹ́líìtì kankan ní ìjókòó ẹ̀yìn. Bóyá ẹni tó kọ́kọ́ ni ín ló yọ wọ́n, bóyá kò sí níbẹ̀ rí, n kò mọ̀. Ti èrò iwájú, Láníyì ti tú u láti ọdún kẹta, òun ló fi ń so búùtù pọ̀ nígbà tá a bá kó iṣu ti Òkèlúsè bọ̀, torí kọ́kọ́rọ́ búùtù ti bàjẹ́. Ti dẹ́rẹ́bà nìkan ló kù, eruku sì ti bò ó. Ọ̀gá Jìbírílù na bẹ́líìtì ara búùtù yẹn wò, ó ní, "Ẹ so iṣu dáadáa."

Mo gbọ́dọ̀ sọ ti Òkèlúsè fún ọ kí ìyókù lè yé ọ. Ní gbogbo ìparí oṣù la máa ń lọ gbé ìyá Láníyì wá láti Òkèlúsè kí wọ́n wá lo ọ̀sẹ̀ kan pẹ̀lú wa. Ìwọ náà rántí Màmá Oyèkẹ́, àwọn ló jó títí bàtà fi já lọ́jọ́ ìgbéyàwó wa. Láti ìgbà tí Yọmí ti wà ní ọmọ ogójì ọjọ́, iwájú mọ́tò ni Màmá ń jókòó, Yọmí á sì wà lórí itan wọn. Títí a ó fi dé Ọ̀wọ̀ ni wọ́n á máa nawọ́ hàn án: oko lágbájá rèé, ẹ̀gẹ́ tàmẹ̀dò rèé, ibí ni bàbá bàbá rẹ ti ṣubú sínú kòtò nígbà tó ń wá mi bọ̀. Bí a bá kọjá Ute báyìí, Yọmí ti lè dárúkọ àwọn olóko ju èmi lọ. Oúnjẹ ọkàn Màmá nìyẹn, oṣù kan gbáko ni wọ́n fi ń retí rẹ̀.

Ní ìparí oṣù kẹsàn-án, mo ní kí a gbé àga lọ. Kò sí bẹ́líìtì, ṣùgbọ́n Láníyì ní kí ni wọ́n tún ń pè ní bẹ́líìtì. Nígbà tí a dé Òkèlúsè, Màmá fúnra wọn wọlé, wọ́n mú ọ̀já méjì jáde, àwọn ọ̀já líle tí wọ́n fi pọn Láníyì àti àwọn àbúrò rẹ̀. Gbogbo wa la gbà pé ó dára. Kí ló tún lè di ọmọ mú jù ọ̀já lọ? A so àga mọ́ ẹ̀yìn ìjókòó, a ta á ní kókó bíi mẹ́rin, inú Màmá sì dùn pé ọ̀já àwọn wúlò. A ò tíì rìn jìnnà tí ewúrẹ́ kan fi já sọ́nà. Láníyì yà á. Ọ̀já yọ̀, àga dojú bolẹ̀ sẹ́yìn ìjókòó iwájú pẹ̀lú ọmọ mi nínú rẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ wà lókè bíi ti adìyẹ tí wọ́n so.

Kò ṣèṣe o, ẹ̀rín ló ń rín, ó ní ká tún un ṣe. Màmá bọ́ sílẹ̀, wọ́n tú u, wọ́n gbé e síwájú sórí itan wọn, wọ́n ní, "Ẹ rí i? Itan mi ò dojú bolẹ̀ rí." Òótọ́ ni wọ́n sọ lójú ara wọn. Mo jókòó sẹ́yìn pẹ̀lú àga òfìfo títí a fi dé ilé.

Ní ọjọ́ Ajé, mo lọ bá Sylvanus, mẹkáníìkì wa. Mo ní kó bá mi wá bẹ́líìtì ẹ̀yìn. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní láti ọjọ́ tí òun ti ń tún mọ́tò ṣe, kò sí ẹni tó bẹ òun ní irú iṣẹ́ yìí rí. Ṣùgbọ́n ó wá a, ó rí ọ̀kan lára mọ́tò kan tí wọ́n ti ń tú jẹ, ó wẹ̀ ẹ́ mọ́, a sì fà á wò títí ó fi tẹ́ wa lọ́rùn. Ó gbé dírílì láti lu ihò sára irin mọ́tò. Kó tó lù ú, ó ṣí ìjókòó ẹ̀yìn sókè, ó ké pè mí. Agatha, ihò ti wà níbẹ̀! Ihò tí wọ́n ti lù sílẹ̀ fún bóòtù bẹ́líìtì, tí wọ́n fi rọ́bà kékeré dí. Ẹni tó ṣe mọ́tò náà ti ro ti èrò ẹ̀yìn, ó ti pèsè àyè sílẹ̀, àwa sì ń jókòó lé e lórí láti ọdún yìí wá. Mo ti ìka bọ inú rẹ̀ bí ọmọdé. N kò mọ ìdí tí omi fi bọ́ lójú mi. Sylvanus rò pé eruku ni.

Ó de bẹ́líìtì, ó dá ti iwájú padà sáyè rẹ̀, a di àga mú, Sylvanus fi gbogbo agbára fà á, mọ́tò lódindi ló ń mì, àga ò mì. Mo rò pé ìṣòro ti tán. N kò mọ̀ pé ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ni.

Nígbà tí a dé Òkèlúsè ní ìparí oṣù kẹwàá, Màmá ti dúró lójú ọ̀nà pẹ̀lú báàgì wọn. Wọ́n jókòó síwájú, wọ́n na ọwọ́ méjèèjì sẹ́yìn pé kí n gbé ọmọ fún àwọn. Mo kúnlẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ mọ́tò, mo ní kí wọ́n má bínú, pé inú àga ni Yọmí á máa jókòó báyìí. Mo ṣàlàyé, mo ṣàlàyé. Mo dárúkọ rẹ, mo dárúkọ dókítà, mo dárúkọ òfin yín. Ọwọ́ wọn ṣì nà. Wọ́n wá rọra sọ ọ́ kalẹ̀. Wọ́n ní, "Ọma mẹ́jọ ni mo bí. Èwo ni ọghọ́ mi jù sílẹ̀ rí?" Wọ́n bọ́ sílẹ̀, wọ́n gbé báàgì wọn kúrò ní búùtù, wọ́n wọlé, wọ́n sì ti ilẹ̀kùn. Yọmí ń ké pè wọ́n láti inú àga títí a fi jáde ní ìlú.

Ọ̀sẹ̀ méjì ni n kò fi sùn dáadáa. Wùnmí àbúrò Láníyì wá bá mi níbi iṣẹ́, ó ní ṣé òótọ́ ni mo sọ pé ìyá àwọn máa ju ọmọ mi nù. Ó ní nígbà tí mo ń wá ọmọ kiri, ta ló ń gbààwẹ̀ fún mi? Ó dùn mí wọra torí Màmá ni. Ọdún méje yẹn, wọn ò fi ojú burúkú wò mí rí. Láníyì ní kí n jẹ́ ká gbé ọmọ fún wọn, pé ọ̀nà Òkèlúsè ò jìn. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ gbà. Ohun tí kò jẹ́ kí n gbà ni ọ̀rọ̀ tó wà ní ìsàlẹ̀ lẹ́tà rẹ, pé kò sí ọwọ́ tó lè di ọmọ mú bí mọ́tò bá dúró lójijì. Mo ń bi ara mi: ṣé òótọ́ ni? Ta ló dán an wò? Bó bá jẹ́ irọ́, mo ti ba ilé mi jẹ́ lásán. Bó bá jẹ́ òótọ́ ńkọ́?

Ní ọjọ́ Jímọ̀ tó kọjá, dẹ́rẹ́bà kan mú iṣẹ́ dé láti Òkèlúsè: Màmá ní kí a wá lọ́la, kí a gbé mọ́tò, ọmọ àti àga wá. Nígbà tí a dé, wọ́n kò jẹ́ kí a jókòó. O mọ̀ pé àgbẹ̀ gidi ni wọ́n, wọn kì í gbà pé iṣu tuntun kan dára kí wọ́n tó sun ún wò. Wọ́n ní àwọn ti ro ọ̀rọ̀ mi, àwọn ò gbà á gbọ́, ṣùgbọ́n àwọn ò fẹ́ kú láìmọ̀. Wọ́n ní, "Láníyì, mú uṣu wá."

Wọ́n gbé Yọmí sí apá ọ̀tún, wọ́n gbé iṣu sí apá òsì, wọ́n wọ̀n ọ́n, wọ́n ní ó fúyẹ́, wọ́n fi òmíràn kún un. Wọ́n wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀kan sí i, wọ́n ní òun nìyẹn. Wọ́n fi ìró wé méjèèjì pọ̀ bí ìgbà tí wọ́n ń wé ọmọ ìkókó, wọ́n jókòó síwájú, wọ́n jẹ́ kí n de bẹ́líìtì fún wọn, wọ́n sì gbá iṣu náà mọ́ra pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì. Wọ́n sọ fún Láníyì pé kó wa mọ́tò lọ sí ojú ọ̀nà gbalasa tó wà lẹ́yìn ilé ìwé, kó sì tẹ bíréèkì nígbà tó bá wù ú, kó má sọ fún àwọn. Èmi àti Yọmí dúró lẹ́bàá ọ̀nà pẹ̀lú àwọn ará ilé kan. Láníyì ní eré òun kò ju ogójì lọ. Mo rí mọ́tò tó ń bọ̀, mo rí orí Màmá, mo sì gbọ́ táyà tó han.

Mo sáré lọ. Iṣu ti kúrò lọ́wọ́ wọn. Ó ti lọ kọ lu dáṣíbọ́ọ̀dù, ọ̀kan kán sí méjì, ilẹ̀kùn àpótí kékeré iwájú ti là. Bíréèkì lásán nìyẹn o, a ò kọ lu nǹkan kan. Màmá jókòó bí wọ́n ti jókòó, apá wọn ṣì ká síwájú àyà bí ẹni tó gbé ọmọ, kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀. Láníyì ń pè wọ́n. Ó pẹ́ kí wọ́n tó sọ apá náà kalẹ̀.

Wọ́n ní, "Mo mọ̀ pé ó fẹ́ tẹ̀ ẹ́. Mo mọ̀, mo sì dì í mú." Lẹ́yìn náà ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ka gbogbo ìrìn àjò tí àwọn ti gbé Yọmí síwájú láti ọmọ ogójì ọjọ́, èyí tí a lọ nínú òjò, èyí tí àwọn sùn lọ lójú ọ̀nà tí ọmọ náà sì sùn lórí itan àwọn. Mo ní kí wọ́n má kà á mọ́. Èmi náà ń sunkún, Láníyì ń sunkún, Yọmí nìkan ló ń kó èérún iṣu jọ.

Màmá bá wa wá sí Ọ̀wọ̀ lọ́jọ́ náà. Ẹ̀yìn ni wọ́n jókòó, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga. Ohun kan wá yà mí lẹ́nu: àga gbé Yọmí sókè débi pé ó ń rí ìta ju ti orí itan lọ, òun ló ń fi oko han Màmá báyìí, ó sì ń pè é ní òdì kí wọ́n lè tún un ṣe fún un. Mo wá sọ fún Màmá pé ní ọjọ́ kẹta oṣù tó ń bọ̀, tí Yọmí bá pé ọdún mẹ́rin, ká ní ìlú yín la wà, òfin á ní ó ti tó kúrò, àti pé ohun tí Ignatius náà ń sọ nìyẹn. Wọ́n yí ojú sí mi. Wọ́n ní, "Òfin wo ló ní kí n fi ọ̀já so ọma mọ́ ẹ̀yìn? Ṣé ọlọ́pàá ló ń wò mí lójú ọ̀nà oko?" Wọ́n ní kò sí ẹni tó máa tú Yọmí kúrò níbẹ̀ títí bẹ́líìtì á fi gba ibi tó yẹ kó gbà, kí n sì bá àwọn sọ bẹ́ẹ̀ fún Ignatius. Nítorí náà, Ignatius, ẹ gbọ́ ohun tí Màmá sọ o.

Jọ̀ọ́, kọ ohun gbogbo tí o bá mọ̀ sí mi. Báwo ni mo ṣe máa mọ̀ pé àga yìí ti kéré fún un? Irú àga tó ń gbé ọmọ sókè yẹn, ṣé káfíńtà lè kàn án, àbí ewu wà níbẹ̀? Ọ̀gá Jìbírílù náà fẹ́ mọ̀, ó ní bí ìwé kan bá wà, kí o fi ránṣẹ́, òun á máa mú un lọ sí àwọn ilé ìwé. Bá mi kí àwọn ọmọ, bá mi kí ìyá Ignatius bí ẹ bá bá ara yín sọ̀rọ̀ lórí fóònù. Wùnmí ti wá tọrọ àforíjì, ó kó ọ̀gẹ̀dẹ̀ wá, a sì ti jẹ ẹ́.

Ó ku ohun kan, iṣẹ́ tí Màmá rán mi ni. Ní alẹ́ ọjọ́ tí a dé, wọ́n ń tẹ àga náà wò, wọ́n ń fi ìka tọ ibi tí bẹ́líìtì ti gba èjìká àti abẹ́ ìbàdí kọjá. Wọ́n ní ẹni tó ṣe é mọ ibi tí ó yẹ kí ó di ọmọ mú, kì í ṣe ohun tí èèyàn kàn jókòó rò, ọmọ kan ti ní láti fara gbá a kí wọ́n tó mọ̀. Wọ́n wá bi mí pé, "Fúnmiọlá, ọma ta ni wọ́n fi mọ̀ ọ́n?" Mo ní n kò mọ̀. Wọ́n ní kí n bi ọ́ wò, bí o bá mọ orúkọ ọmọ náà, kí o kọ ọ́ wá, àwọn fẹ́ máa dárúkọ rẹ̀ nínú àdúrà.

Ọ̀rẹ́ rẹ láti kíláàsì kìíní títí dòní,

Fúnmiọlá Adébánjọ.